Orí Keje: Bí Bread Ṣe Gbapò Lọ́wọ́ Loaf nínú Àwọn Èdè Germanic

Kò sí ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá lónìí tí ọ̀rọ̀ náà búrẹ́dì ṣàjèjì sí. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a, a sì yá a pẹ̀lú ìtumọ̀ tí a bá lẹ́nu wọn: oúnjẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà pò, tí wọ́n jẹ́ kó wú, tí wọ́n sì yan nínú ààrò. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan lè padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 900, kó sì ní kí ìyá ilé kan fún òun ní brēad, kò dájú pé odidi búrẹ́dì ni ìyá náà máa gbé jáde. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe oúnjẹ yìí nígbà náà ni hlāf, èyí tó di loaf lẹ́nu àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn. Brēad wà nínú èdè wọn lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà jáde, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1200, ọ̀ràn ti yí: bread ti gba orúkọ oúnjẹ náà, loaf sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Báwo ni irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń lò lójoojúmọ́, tí kò sí ọba tàbí ìgbìmọ̀ kankan tó pàṣẹ rẹ̀?

Ìdáhùn tí orí yìí fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìyí: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan kì í dá yí padà. Àwọn ìwé tó ń sọ ìtàn ọ̀rọ̀ sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, wọ́n á ní ó bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí síbẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ló wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń pín iṣẹ́ kan ṣe. Bí ọ̀kan bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni èkejì ń sún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí bread fi ní ìtumọ̀ tó ní lónìí gbọ́dọ̀ wo loaf pẹ̀lú, kó sì wo méjèèjì nínú èdè tó ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Nínú ẹbí èdè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè ní Germanic, èdè Jámánì, Dutch, Swedish, Danish, Norwegian àti Icelandic jẹ́ ìbátan rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni Gothic, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Gbogbo àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn ló ní ọ̀rọ̀ tó bá bread tan: Brot ni ti Jámánì, brood ni ti Dutch, bröd ni ti Swedish, brød ni ti Danish àti Norwegian, brauð ni ti Icelandic. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní èyí tó bá loaf tan: Laib ní Jámánì, lev ní Swedish, leiv ní Norwegian, hleifur ní Icelandic. Bó bá jẹ́ èdè òde òní nìkan la gbójú lé, a ó rò pé bread ni àgbà, nítorí òun ló gbilẹ̀ jù. Gothic ni kò jẹ́ ká gba ìyẹn gbọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Wulfila túmọ̀ Bíbélì sí èdè yìí láti inú Gíríìkì. Ẹ̀dà tó lókìkí jù lára iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Codex Argenteus, tí wọ́n fi tàdáwà fàdákà àti ti wúrà kọ sórí awọ tí wọ́n pa láró elése àlùkò ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹfà. Ó wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Uppsala ní Sweden títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí Wulfila ń lò fún oúnjẹ yìí, yálà odidi tí wọ́n kà ní ẹyọ márùn-ún ni o, yálà oúnjẹ òòjọ́ tí a ń tọrọ nínú àdúrà ni, ni hlaifs. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá bread tan nínú ohun tó ṣẹ́kù fún wa lára ìwé Gothic.

Ẹ̀rí kejì wá láti ìta ẹbí náà. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń sọ èdè Slavic àti àwọn baba ńlá àwọn ará Finland bá àwọn Germanic ṣe aládùúgbò, wọ́n sì yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n yá fún oúnjẹ yìí kì í ṣe bread. Chleb ni àwọn ará Pólàǹdì ń pè é, khleb ni ti Rọ́ṣíà, leipä ni ti Finland, hlaib àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú hlaifs ti Wulfila, sì ni orísun tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ gbà fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà yẹn dáadáa. Ìró kh tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde níbẹ̀ ni ìró h tó ṣíwájú hlaib nígbà tí wọ́n yá a. Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ìró yẹn mọ́ ọ̀fun láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Jámánì pẹ̀lú ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ayálò ṣì di í mú. Ẹni tó ń ra khleb ní ọjà Moscow lónìí ń pe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Jámánì kò pè mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Èyí tó ṣe kókó jù fún àríyànjiyàn wa ni pé ìtumọ̀ tí wọ́n yá mọ́ ọ̀rọ̀ náà fẹ̀: oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe odidi tí a lè gbé lọ́wọ́ nìkan. A jẹ́ pé nígbà tí àwọn aládùúgbò wọ̀nyí ń yá a, hlaib ló ń jẹ orúkọ oúnjẹ náà láàárín àwọn Germanic. Àwọn ará Estonia, tó bá Finland tan, tún fún wa ní àfikún kan tó wúlò. Leib tiwọn ti sún di búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ọkà rye ṣe, nítorí wọ́n ní ọ̀rọ̀ mìíràn, sai, tó gba búrẹ́dì funfun. Ọ̀rọ̀ kan gba funfun, ti àkọ́kọ́ wá di ti dúdú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pín ilẹ̀ láàárín ara wọn nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, hlāf kì í ṣe orúkọ oúnjẹ lásán. Òun ni wọ́n fi ń sọ ẹni tó ń bọ́ ẹni àti ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ọ̀gá ilé ni hlāford, ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ tí ìpilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hlāfweard, olùtọ́jú búrẹ́dì. Ìyáálé ni hlǣfdige, apá kejì rẹ̀ sì wá láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kí a po ìyẹ̀fun. Gothic lo irú ọ̀rọ̀ kan náà, digan, fún amọ̀ tí amọ̀kòkò ń pò. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni hlāfǣta, ajẹ-búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò kẹ́sẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin rí. Nínú òfin tí Æthelberht, ọba Kent, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 600, èyí tó jẹ́ òfin tó pẹ́ jù lọ tí a ní ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá pa hlāfǣta ọmọ ìlú kan yóò san ṣílè 6. Ẹ kíyè sí ohun tí ètò yìí ń sọ. Ipò mẹ́ta tó wà nínú agbo ilé, ẹni tó ni oúnjẹ, ẹni tó ń pò ó, àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ lábẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá gbogbo wọn mọ̀. Bí hlāf bá jẹ́ orúkọ odidi nìkan, bí loaf ṣe wà lónìí, ètò náà kò ní nítumọ̀ tó báyìí. Kò sẹ́ni tó ń torí pé ẹnìkan ní ẹyọ búrẹ́dì kan sọ ọ́ di olúwa. Oúnjẹ tó gbé ẹ̀mí ró ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́ọ̀sì náà ní orúkọ lára rẹ̀, hlāfmæsse, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé búrẹ́dì tí wọ́n fi ọkà tuntun ṣe wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lammas ni wọ́n ń pè é báyìí. Bí a bá tún padà sọ́dọ̀ Wulfila, a ó rí i pé ẹlẹgbẹ́ ẹni ni gahlaiba ní Gothic, ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ Látìn companio ní ìhun kan náà, nítorí panis ni búrẹ́dì ní Látìn, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé àwòkọ́ṣe ọ̀rọ̀ Germanic yìí ni. Inú companio ni company ti jáde.

Kí wá ni brēad ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó kù fún wa kò lò ó púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ibi tó ti yọjú tó láti fọ̀nà hàn. Ẹ̀rí tó ṣe gúnmọ́ jù wà nínú Ìhìnrere Lindisfarne, ìwé Látìn tí wọ́n kọ ní Northumbria ní nǹkan bí ọdún 700. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Aldred kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáàárín ìlà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lórí ọ̀rọ̀ Látìn kan. Irú ìwé báyìí kò ṣeé fowó rà fún ẹni tó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí akọ̀wé rẹ̀ kò lè sá fún ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó bá ti wà níwájú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún. Nígbà tó dé orí kẹtàlá ìwé Jòhánù, níbi tí Jésù ti fi òkèlè run ọbẹ̀ tó sì fi í fún Júdásì, ọ̀rọ̀ Látìn tó bá ni buccella, ìwọ̀nba tó kún ẹnu. Brēad ni Aldred kọ sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, hlāf ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn ń lò níbi tí Látìn bá ti sọ panis. Nítorí náà ọ̀rọ̀ méjèèjì wà, wọ́n sì ní ààlà: hlāf ni oúnjẹ náà àti odidi rẹ̀, brēad ni ègé tó ti kúrò lára odidi. Ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ bēobrēad tún ti èyí lẹ́yìn. Afárá oyin ni ìtumọ̀ rẹ̀, bēo sì ni oyin tó ń fò. Jámánì àtijọ́ ní irú rẹ̀ gan-an, bībrōt, fún ohun kan náà. Àwọn kan lè ní oúnjẹ àwọn kòkòrò oyin ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tó ṣeé ṣe. Àmọ́ afárá tí wọ́n bù sí àwo, tí oyin ṣì wà nínú rẹ̀, jẹ́ ègé ohun jíjẹ fún ọmọ ènìyàn, Látìn favus tí wọ́n fi bēobrēad túmọ̀ kò sì sọ ohun tí àwọn kòkòrò ń jẹ.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní rí i bí ohun àràmàǹdà pé orúkọ ègé lè di orúkọ oúnjẹ. Òkèlè ni ìwọ̀nba tí ọwọ́ bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára iyán tàbí ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ tó ní òkèlè ni òun fẹ́ jẹ kò bèèrè ẹyọ kan. Iyán ló ń wá, tàbí àmàlà, tàbí fùfú, odidi oúnjẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń bá pàdé nídìí àwo ni òkèlè, ìdí nìyẹn tó fi lè dúró fún gbogbo rẹ̀. Ní ìlà oòrùn Yúróòpù pẹ̀lú, kruh ni àwọn ará Croatia àti Slovenia ń pe búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ ègé tàbí ìṣù tí wọ́n ṣẹ́ nígbà kan rí. Ohun tí brēad ṣe kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kò sì nílò ìyanu kankan. Lọ́wọ́ ẹni tó ń yan búrẹ́dì, odidi ni. Lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì pọ̀ jù ẹni tó ń yan án lọ, ègé ni.

Àtakò tó lágbára jù sí àlàyé yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Wọ́n ní bread kò jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí fífọ́ tàbí bíbù rárá, bí kò ṣe láti inú gbòǹgbò tó bí brew, èyí tí wọ́n ń lò fún pípọn ọtí, àti broth, omi ẹran. Ohun tó ń hó, ohun tó ń kan, ni gbòǹgbò náà ń sọ. Lójú tiwọn, hlāf ni búrẹ́dì àtijọ́ tí kì í wú, bread sì ni èyí tuntun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Nígbà tí ọ̀nà tuntun yìí borí, orúkọ tuntun bá a borí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun ló yí padà, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ méjì ń du ilẹ̀. Ó yẹ ká gbà pé apá kan àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ so bread mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ brēotan, tó túmọ̀ sí kí a fọ́ nǹkan, ní ìṣòro kan tí kò ṣeé gbójú fò: t ló wà nínú brēotan, d ló wà nínú brēad, òfin ìró kò sì jẹ́ kí ọ̀kan di èkejì wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìró nìkan, gbòǹgbò brew ló rọrùn jù.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kọ́ ni adájọ́ ìtumọ̀. Aldred kò mọ gbòǹgbò, èdè tó ń sọ ló mọ̀, nínú èdè yẹn sì rèé, brēad bá òkèlè mu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, apá tó kan ìwúkàrà nínú àtakò náà kò dúró níwájú ẹ̀rí. Àwọn Goth mọ ìwúkàrà. Beist ni Wulfila ń pè é. Síbẹ̀ hlaifs ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí wọ́n fi ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé búrẹ́dì kan kò wú, wọ́n ní láti fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe þeorf ṣáájú hlāf. Bí hlāf fúnra rẹ̀ bá jẹ́ orúkọ èyí tí kì í wú, kí ni wọ́n tún ń fi þeorf wá? Ìwúkàrà ti wà nínú ilé wọn fún ọ̀pọ̀ ìran kí bread tó gbapò, nítorí náà òun kọ́ ló fa ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 900 sí 1200. Ó lè jẹ́ pé ní ayé tó ti pẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ Germanic kankan sílẹ̀, ohun tó wú ni brauda, ìrísí àtijọ́ tí bread ti jáde. Ìyẹn kò tako pé nígbà tó fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tó kù fún un ni orúkọ ègé.

Àtakò mìíràn gba ọ̀nà òkun wọlé. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni àwọn ará Denmark àti Norway ti ń tẹ̀dó sí ìlà oòrùn àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ilé sílẹ̀ níbẹ̀. Egg àti window wà lára wọn. Brauð ni tiwọn ń jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn ló lé hlāf kúrò? Ìró ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ dáhùn. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti yá ọ̀rọ̀ tó ní au lọ́wọ́ wọn, fáwẹ̀lì rẹ̀ kì í di ti bread. Loose, tó wá láti inú lauss, jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere. Fáwẹ̀lì bread jẹ́ ọmọ ēa tó wà nínú brēad ti ìbílẹ̀. Ìrísí ọ̀rọ̀ náà kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ó ṣeé ṣe kí bí àwọn àlejò yìí ṣe ń lo brauð mú kí àwọn aládùúgbò wọn túbọ̀ máa lo brēad fún oúnjẹ náà, pàápàá ní àríwá níbi tí Aldred ti kọ̀wé, èmi kò sì rí ìdí láti sẹ́ ẹ. Àmọ́ Jámánì àti Dutch ṣe ìyípadà kan náà láìjẹ́ pé àwọn ará Denmark tẹ̀dó sáàárín wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo kò lè jẹ́ iṣẹ́ àlejò ibì kan.

Ibi tí loaf sún lọ ló wá fi hàn jù pé ọ̀rọ̀ méjèèjì so mọ́ra. Nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, bread jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ aláìṣeékà: wọn kì í ka bread kan, bread méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kà gbọ́dọ̀ fi loaf tàbí slice ṣáájú. Dutch yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá loaf tan ti kú kúrò nínú èdè ojoojúmọ́, brood sì ti gba iṣẹ́ méjèèjì. Oúnjẹ náà ni brood, odidi kan ni een brood, wọ́n sì lè ka méjì láìwá ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Níbi tí loaf ti lágbára, bread kò ka ara rẹ̀. Níbi tí loaf ti kú, bread ń ka ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń dá rìn ni, kò yẹ kí ìyè tàbí ikú loaf kan gírámà bread rárá.

Ẹni tó bá gbọ́ Jámánì yóò sọ pé èdè tiwọn tú àlàyé yìí ká, nítorí Laib wà láàyè níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ka Brot, wọ́n ń sọ zwei Brote. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká wò ni iṣẹ́ tí Laib ń ṣe. Ẹnu àwọn tó ń yan búrẹ́dì àti inú ìwé ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì ti kúrò lára búrẹ́dì nìkan. Wọ́n ń sọ Laib wàràkàṣì pẹ̀lú ìrọ̀rùn kan náà. Orúkọ ìrísí ló dà: ìṣù tó ki, tó ṣeé gbé. Nítorí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kíka nídìí tábìlì bọ́ sọ́wọ́ Brot, tó fi jẹ́ pé ein Brot lè jẹ́ odidi, ó sì lè jẹ́ ègé kan tí wọ́n fi bọ́tà pa. (Bí wọ́n ṣe ń kọ Laib pẹ̀lú ai pàápàá ní ìtàn tirẹ̀: wọn kò fẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ Leib, ara ènìyàn, tí ìró wọn ti di ọ̀kan.) Norwegian ló wá lọ jìnnà jù. Leiv níbẹ̀ ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó rí roboto, lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni ègé búrẹ́dì tí wọ́n gé. Ọ̀rọ̀ tó ti jẹ́ odidi nígbà Wulfila ti di ègé, èyí tí Aldred lò fún ègé sì ti di gbogbo rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ àyè pátápátá.

Gẹ̀ẹ́sì náà ti sọ loaf di orúkọ ìrísí ní apá kan. Láyé tí wọ́n ń ta ṣúgà ní ìṣù gàgàrà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, sugarloaf ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. Òkè olókùúta tó wà létí omi ní Rio de Janeiro gba orúkọ yìí lẹ́nu wọn. Àwọn ará Brazil tó ni í ń pè é ní Pão de Açúcar, nítorí pão ló ń ṣe iṣẹ́ bread àti ti loaf pa pọ̀ ní èdè Potogí. Zuckerhut ni ti Jámánì, fìlà ṣúgà.

Ìsìn ni ibi tí a ti lè retí pé kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ dúró. Nínú Ìhìnrere tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹwàá, hlāf ni wọ́n ń tọrọ nínú Àdúrà Olúwa. Nínú Bíbélì àwọn ọmọlẹ́yìn Wycliffe, ní àwọn ọdún 1380, breed ló wà níbẹ̀, nígbà tí ìṣù márùn-ún tí Jésù fi bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì jẹ́ loaf. Àdúrà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sórí kò lè dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó tẹ̀lé ẹnu àwọn tó ń gbà á. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lábẹ́ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, bá ìpín yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wá ọgbọ́n tiwọn dá sí i. Wọ́n lo oúnjẹ nínú Àdúrà Olúwa, wọ́n sì lo ìṣù àkàrà níbi tí iye bá ti wọ ọ̀rọ̀. Ìṣù gba iṣẹ́ kíka, àkàrà gba iṣẹ́ orúkọ. Ibi tí ààlà wà láàárín loaf àti bread ní 1380 náà ni wọ́n fa tiwọn sí.

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ tí a ti rí ṣáájú. Hlāford di loverd, loverd di lord. Hlǣfdige di levedi, levedi di lady. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn láti máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtumọ̀ gidi tí lord ní ni olùtọ́jú búrẹ́dì. A kò lè gba èyí. Kò sí ẹni tó ń pe lord lónìí tí búrẹ́dì wá sí i lọ́kàn, kò sì sí bó ṣe lè wá, nítorí ohun méjì ló gé okùn náà: ìró ọ̀rọ̀ rọ̀ títí hlāf kò fi ṣeé gbọ́ nínú rẹ̀ mọ́, hlāf fúnra rẹ̀ sì ti fi ipò oúnjẹ sílẹ̀ fún bread. Àwọn ará Iceland, tó yá méjèèjì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ wọ́n di lávarður àti lafði, kò rí hleifur tiwọn nínú wọn bí wọ́n ṣe ń yá wọn. Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni kò kú. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀gá tó gbani síṣẹ́, Brotherr, olúwa búrẹ́dì, àti òmíràn, Brotgeber, ẹni tó ń fúnni ní búrẹ́dì. Ìhun kan náà ni pẹ̀lú hlāfweard, àmọ́ Brot ni wọ́n fi hun ún. Bí Laib bá ṣì ń jẹ orúkọ oúnjẹ nígbà tí wọ́n ń ṣẹ̀dá rẹ̀, òun ni wọn ì bá lò.